Ọdún kì í ṣe àpò ìrẹsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tàbí tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó máa ń dà bí ẹni pé a ti gbàgbé òwe yìí pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu baálé ilé àti ìyàwó ilé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: níbo la ti fẹ́ rówó ìrẹsì, níbo la ti fẹ́ rówó ẹran? Ẹni tí kò bá rí méjèèjì rà a máa ti ilẹ̀kùn mọ́rí lọ́jọ́ ọdún bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀ ìtìjú yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó ti ń kọjá ọ̀rọ̀ ikùn lásán.

Ká sọ tòótọ́, ará ìlú kọ́ ló dá ìyà yìí sílẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí wọ́n sì fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo ohun tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé ló ti gbówó lórí. Àjọ NBS, tó ń ṣe ètò ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, sọ pé ní oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ fi ìdá 39.84 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù Kejìlá tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oúnjẹ tí èèyàn fi 1,000 náírà rà ní Kérésì ọdún 2023 ti sún mọ́ 1,400 náírà kí Kérésì mìíràn tó dé. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù Keje, ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọdún náà fi máa parí, àpò ìrẹsì kan ti ju iye yẹn lọ ní ọ̀pọ̀ ọjà. Lóòótọ́, owó ìrẹsì wálẹ̀ díẹ̀ ní 2025, ṣùgbọ́n owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó ilé-ìwé kò bá a wálẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìnira yìí fà. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé sí ayẹyẹ ọdún ní ọgbà iléèwé Islamic High School, Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọ 35 ló sì kú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, èèyàn 22 kú ní Okija, ní ìpínlẹ̀ Anambra, èèyàn mẹ́wàá sì kú ní Maitama, l'Ábújá, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọdún. Ẹ̀mí 67 láàárín ọjọ́ mẹ́rin! Ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀ kùtù nítorí ẹ̀bùn ọdún kò ya ọ̀kánjúwà. Ebi àti ìtìjú ló jọ tì í jáde nílé.

Ebi yẹn, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Ṣùgbọ́n ìtìjú ńkọ́? Ta ló sọ fún wa pé láìsí ìrẹsì, ọdún kò pé? Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ láàárín wa rántí pé nígbà kan, ọjọ́ ọdún nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fojú kan ìrẹsì. Owó epo rọ̀bì ọdún 1970 sókè ló sọ ìrẹsì òkè òkun di oúnjẹ ojoojúmọ́. Nígbà ìjọba Alhaji Shehu Shagari, láàárín 1979 sí 1983, ọ̀rọ̀ ìrẹsì le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ pàtàkì kan kalẹ̀ lórí rẹ̀, Umaru Dikko ló sì darí ìgbìmọ̀ náà. Láti àárín ọdún 1980 sí 1990 títí di 1995, wọ́n fòfin de kíkó o wọlé. Ní 2015, báńkì àpapọ̀ kò fún àwọn tó ń kó o wọlé ní dọ́là mọ́. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, wọ́n ti ẹnubodè ilẹ̀ pa, títí kan ti Sẹ̀mẹ́ tó já sí orílẹ̀-èdè Benin, ó sì di oṣù Kejìlá, ọdún 2020 kí wọ́n tó tún un ṣí. Oúnjẹ tí òfin kan tàbí iye dọ́là lè já gbà lẹ́nu wa nígbàkigbà, ṣé òun ló yẹ kí a so ayọ̀ ọdún wa mọ́?

Ilẹ̀ wa ní oúnjẹ tirẹ̀, àsìkò rẹ̀ sì bá ọdún mu. Ìgbà Kérésì ni wọ́n ń wa ewùrà. Ẹni tó bá rin ewùrà, tó sè é nínú omi ata pẹ̀lú epo pupa, edé àti ẹja gbígbẹ díẹ̀, ti ní ìkọ́kọrẹ́ tí àwọn Ìjẹ̀bú fi ń ṣe àlejò pàtàkì. Láwọn ọdún tí a wà yìí, oṣù Karùn-ún àti Kẹfà ni Iléyá ń bọ́ sí, ìgbà tí àgbàdo tútù ń yọjú sọ́jà. Ẹ se ẹ̀wà títí yóò fi fẹ́ẹ̀ rọ̀, ẹ da àgbàdo tútù sí i, ẹ wá fi epo, ata àti àlùbọ́sà ṣe é, àdàlù ti délẹ̀. Mọ́ínmọ́ín náà ńkọ́? Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀ mọ́ tàtàṣé àti àlùbọ́sà, tí a pọ́n sínú ewé, ó dùn ún pín fún àlejò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣara lóore bí a kò tilẹ̀ rí ẹran. Mo mọ̀ pé ẹ̀wà àti epo náà ti gbówó lórí. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ni èèyàn lè rà wọ́n, kò dà bí àpò ìrẹsì tó ń gba owó oṣù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti ẹran, àwọn aáfàà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a ni ìpẹran Iléyá wà fún, àti pé àgbò kan tó fún baálé ilé àti gbogbo ará ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé èèyàn méje lè pawọ́ pọ̀ pa màlúù kan. Kí ló wá dé tí ẹnìkan fi ń yáwó èlé ra àgbò nítorí ojú aládùúgbò? Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ ẹran ní àdúgbò, ẹ̀yin lẹ gbọ́n. Ẹni tó bá dá 1,000 náírà lọ́sẹ̀ fún ogójì ọ̀sẹ̀ ti ní 40,000 náírà nílẹ̀ láìjẹ gbèsè. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ kọ orúkọ àti iye owó sínú ìwé, kí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta sì jọ máa bójú tó o, kí olówó àjọ má baà di àwátì nígbà tí ọdún bá kù dẹ̀dẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sì jọ máa dáná. Bí ìdílé mẹ́rin tó ń gbé ilé kan bá se ìkòkò kan, tí ọ̀kan mú ata wá, tí òmíràn mú epo, tí òmíràn mú ẹ̀wà, tí ẹni tí kò ní nǹkan kan bá wọn lọ ọ́, tó sì bá wọn pọ́n ọn, owó gáàsì ẹyọ kan ni wọ́n ná, àwọn ọmọ wọn á sì jẹun pọ̀ láìmọ ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní. Àṣà wa nìyẹn. Mùsùlùmí ń gbé ẹran Iléyá fún Kìrìsìtẹ́nì, Kìrìsìtẹ́nì ń gbé abọ́ Kérésì padà fún Mùsùlùmí, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé àpò mélòó lo rà.

Èyí kò yọ ìjọba nínú ẹjọ́. Títí àgbẹ̀ á fi lè lọ sóko láìbẹ̀rù ajínigbé, tí ọ̀nà oko á sì dára, oúnjẹ kò ní rọjú bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin olóṣèlú àti olówó tí ẹ fẹ́ ṣàánú lọ́dún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe èrò sójú kan mọ́. Ẹgbẹ́ onílé wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí mọ àwọn aláìní wọn. Ẹ gba ọwọ́ wọn gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí ebi ń pa.

Àwa tó kù, kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, ẹ pe àwọn ará ilé yín jókòó, kí ẹ sọ iye tí agbára yín ká fún ara yín, kí àwọn ọmọ náà sì gbọ́. Abọ́ mọ́ínmọ́ín tí gbogbo ilé jọ jẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín sàn ju àpò ìrẹsì tí a ó máa san gbèsè rẹ̀ títí di Ọjọ́ Àjíǹde. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.