Ẹ yé há opening sórí

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta chess, ọ̀rọ̀ yìí máa dun àwọn kan. Fídíò opening tẹ́ ẹ̀ ń fi dátà wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ yẹn, òun gan-an ló ń pa yín lórí ọpọ́n.

2/ Ẹ jẹ́ ká lọ sí New York, oṣù Kẹwàá 1918. Frank Marshall, ọmọ Amẹ́ríkà, dojú kọ José Raúl Capablanca, ọmọ Cuba. Capa ló mú funfun. Ruy López ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

3/ Ní ìgbésẹ̀ kẹjọ, Marshall ti pawn sí d5. Ìjẹ ni. Capa jẹ ẹ́. Ni wàhálà bá dé: queen, ẹṣin, bishop dúdú, gbogbo wọn ya bo ọba funfun. Marshall ti múra ẹ̀ wá látilé. Capa ò múra fún un rárá.

4/ Ta ló wọlé? Capa! Ìgbésẹ̀ 36 péré. Ó ronú, ó dáàbò bo ọba ẹ̀, ó ń kó àwọn ọmọ ẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, títí ìkọlù yẹn fi rọ.

5/ Mo ti ń gbọ́ yín: "Ṣebí wọ́n ṣì ń ta Marshall Attack dòní?" Wọ́n ń ta á o! Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ní ìgbésẹ̀ 11, ẹṣin ni Marshall fà padà sí f6. Ẹ̀yìn tó pàdánù ló wá rí i pé kó ti pawn sí c6 ló dáa jù. Òun layé ń ta lónìí. Ìrònú ló tún opening ọ̀hún ṣe.

6/ Àwọn tó ń ta kọ́ọ̀sì fún yín ò ní sọ èyí. Ọmọdé á fowó oúnjẹ rà á, alátakò á ta ohun tí kò sí nínú fídíò ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, gbogbo ẹ̀ á dojú rú. Tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á ní ọpọlọ òun ò gbé chess, á sì pa á tì. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ọpọlọ ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan; wọn ò kọ́ ọ bó ṣe máa lò ó ni.

7/ Àwọn bàbá wa tó ń tayò lábẹ́ igi, fídíò wo ni wọ́n wò? Kí wọ́n máa ka ọmọ inú ọpọ́n, kí wọ́n máa ro ohun tẹ́nìkejì fẹ́ ṣe, ìyẹn ló sọ òpè di ọ̀ta.

8/ Ẹ mú opening kan ṣoṣo. Ẹ bi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè ìdí ẹ̀. Ẹ tún ayò tẹ́ ẹ pàdánù yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra kọ́ọ̀sì míì. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, ó yá, kó wá. Àmọ́ kó kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi ń ti pawn yẹn.