Èló ló yẹ kí ìbọn jẹ́ nínú eré Kírìjì?

Nínú eré ogun orí tábìlì, wọ́n máa ń fún èmi àtìwọ ní máàkì kan náà, bíi 100, ká fi ra ọmọ ogun. Alágbára á wọ́n, aláìlera á pọ́ọ́kú. Whot náà mọ ọgbọ́n yìí: káàdì 20 tó lè di ohunkóhun, 20 náà ni wọ́n máa kà sí ẹ lọ́rùn tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ ẹ.

Ká ní ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, la fẹ́ gbé sórí tábìlì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ìbọn ìgbàlódé tí Èkìtìparapọ̀ rí gbà wọ́n ju ṣakabùlà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Mi ò fara mọ́ ọn. Láìsí ọta, igi lásán ni ìbọn yẹn. Èkó ni ọta ti ń wá, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà níbẹ̀ ló ń fi í ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti dínà mọ́ Ìbàdàn.

Ọ̀nà ló yẹ kó wọ́n! Àwa ará Mowe àti Ibafo, tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti fojú wa rí màbo, ṣé ó tún yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún wa? Ará Ìfọ̀ náà ńkọ́?

Tèmi ni pé kí ìbọn ìgbàlódé gba máàkì 2, kí ọ̀nà Oǹdó gba 30. Tí Ìbàdàn bá fẹ́ ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, kó san 40, kó wá fi ìyókù jagun.