Kọnkéré Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú wa: pé ilé gogoro oníkọnkéré ló ń sọ èèyàn di jàǹdùkú. Wọ́n á ya fọ́tò ilé tí òjò ti pa láwọ̀ dà, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ẹ wo bí àwọn ayàwòrán ilé ayé ọjọ́un ṣe fìyà jẹ aráàlú. Àwa ò gbà. A ní ìbejì kan tó lè jẹ́rìí sí i.

London ni ìbejì náà wà. Ernő Goldfinger, ọmọ bíbí Budapest, ló ya àwòrán àwọn méjèèjì. Balfron Tower ni Táíwò: àjà 26, ilé 146, ní Poplar lápá ìlà-oòrùn ìlú, 1967 ni wọ́n parí rẹ̀. Trellick Tower ni Kẹ́hìndé: àjà 31, ilé 217, ní North Kensington lápá ìwọ̀-oòrùn; 1972 ni wọ́n ṣí i. Kọnkéré kan náà ni. Lift wà nínú ilé tóóró kan tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá, afárá sì so wọ́n pọ̀ ní àjà mẹ́ta-mẹ́ta. Ìjọba ló kọ́ méjèèjì fún àwọn tí owó wọn ò pọ̀.

Táíwò ló ń kọ́kọ́ jáde wá tọ́ ayé wò. Ní 1968, Goldfinger àti Ursula ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí àjà tó ga jù ní Balfron fún oṣù méjì. Wọ́n pe àwọn aládùúgbò wá mu ọtí, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tó dáa àtohun tó kù díẹ̀ káàtó. Lift méjì ni Balfron ní. Trellick gba mẹ́ta. Àwa tó ń kọ sọ́fítíwíà mọ iyì èyí. Mélòó nínú wa ló ń lo ohun tó kọ́ fún odindi oṣù méjì?

Síbẹ̀, Trellick bàjẹ́. Ìwà ọ̀daràn gbilẹ̀ níbẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì sọ ọ́ lórúkọ burúkú. Kí ló wá tún un ṣe? Ní 1984, àwọn ayálégbé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń yọ kánsù lẹ́nu, títí wọ́n fi rí ẹnu ọ̀nà tó ṣeé tì àti mẹ́gáádì tó ń ṣọ́ ọ. Kóòdù ò yí padà o. Àwọn tó ń bójú tó o ló yí padà.

A ò sọ pé ayàwòrán ilé ò lẹ́bi rárá. Tí lift bá kú, ìyá ọlọ́mọ tó wà ní àjà ogún ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n lift kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Owó ló ń tún un ṣe, àti ẹni tó bìkítà.

Táíwò ńkọ́? Ní 2007, kánsù fa Balfron lé ẹgbẹ́ onílé kan lọ́wọ́. Wọ́n ní àtúnṣe ńlá ń bọ̀, àwọn ayálégbé sì ń kó jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àtúnṣe parí, ọjà ni wọ́n gbé gbogbo ilé náà lọ. Kò sí ọ̀kan tó padà sọ́wọ́ ayálégbé ìjọba. Ṣé ẹ rí i? Nígbà tí mẹ̀kúnnù ń gbé inú rẹ̀, kọnkéré burẹ́wà. Nígbà tí olówó dé, kọnkéré di iṣẹ́ ọnà. Ògiri kan náà!

Ní Trellick, àwọn ayálégbé ìjọba ló ṣì pọ̀ jù. Ní 2021, nígbà tí kánsù fẹ́ kọ́ ilé gogoro mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n pariwo, kánsù sì fà sẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, tẹ́ ẹ bá tún rí fọ́tò ilé gogoro tó ti gbó, ẹ má kọ́kọ́ bú ẹni tó ya àwòrán rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó yẹ kó tún lift ṣe. Ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.