Ẹ jẹ́ kí irin ẹ̀rọ ìgégi mọ níwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin oníṣẹ́ gẹdú tó ń gé ìrókò ní Kabba àti Bùnú. Ẹ má torí gígùn irin nìkan ra ẹ̀rọ. Stihl 070 tí ẹ mọ̀ bí ẹni mowó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó nǹkan bíi 106 cc. Ó lè gbé irin ínṣì 36. Ẹ gbé irin yẹn lé ẹ̀rọ 50 cc, tí ínṣì 16 sí 18 tọ́ sí, ṣéènì yóò máa há, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná, ọ́ìlì kò sì ní í kárí irin.

Sípírókẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọlọ́kadà mọ̀ pé bí eyín ti iwájú bá pọ̀ sí i, ọ̀kadà á sáré lórí títẹ́jú, ṣùgbọ́n òkè á di ìṣòro fún un. Bákan náà, eyín 8 ń mú ṣéènì yára ju eyín 7 lọ, ó sì ń dín agbára tó fi ń fà á kù. Igi ńlá àti irin gígùn, eyín 7 ló dára fún un. Eyín náà sì gbọ́dọ̀ bá ṣéènì mu.

Èrò tèmi ni pé kí olówó ẹ̀rọ má fi ẹ̀mí ọmọ iṣẹ́ wewu nítorí irin gígùn. Bí ẹ̀rọ bá ta padà, ara ẹni tó dì í mú ló ń bà. Kí ẹni tó ń tà á náà bi oníbàárà léèrè irú igi tó fẹ́ gé, kó tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.