Owó lébìrà ti lé téńté, páǹpù ìfínko kún ọjà: Èwo gan-an ló yẹ àgbẹ̀ olóko kékeré?

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń rọ̀, tí àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, Ìbàràpá, Èkìtì àti Yewa bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ilẹ̀ àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu, ọjà kan wà tó máa ń yá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn oko. Ọjà ẹ̀rọ ìfínko ni, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń pè ní páǹpù. Oríṣìí mẹ́ta ló sábà máa ń wà nílẹ̀: èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà, èyí tó ń lo bátìrì, àti ẹlẹ́ńjìnnì tó ń mu bẹntiróò. Ẹni tó ń tà á yóò ní gbogbo rẹ̀ ló dáa. Àgbẹ̀ yóò wo àpò rẹ̀, yóò rántí èyí tí aládùúgbò rẹ̀ rà lọ́dún tó kọjá, yóò sì gbé ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí ohun tó yẹ kí wọ́n fi yan páǹpù ti yí padà láàárín ọdún díẹ̀ sí àsìkò yìí, àwọn tí kò sì tíì fura pọ̀.

Owó iṣẹ́ ló kọ́kọ́ yí i padà. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ sọ́jà lóṣù Kẹfà ọdún kan náà, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó lébìrà ló jọ gòkè. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbọ́dọ̀ ro ó kó tó bo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó ro ó ti wà nígboro lórí ọ̀kadà, ìyàwó àti ọmọ ilé ni ọkọ́ sì kù sí lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ oògùn apako tẹ́lẹ̀ fi ń wá páǹpù rà báyìí.

Ohun kejì ló ṣe pàtàkì jù, òun ni wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Àjọ NAFDAC fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2024. Nígbà tó pé ọdún kan géérégé, lọ́jọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2025, òfin mú atrazine náà. Ohun tó fà á kò ṣókùnkùn. Paraquat kò ní ẹ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbé díẹ̀ mì, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló máa ń bàjẹ́, àwọn dókítà kì í sì í rí nǹkan púpọ̀ ṣe sí i. Atrazine ní tiẹ̀ máa ń ṣàn wọ inú kànga àti odò. Òfin náà tọ́. Ṣùgbọ́n oògùn méjèèjì yìí ló ti ń bo àṣìṣe páǹpù mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ewé tí paraquat bá ti bà ló ń jó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àgbẹ̀ á ti rí ibi tó fò, á sì padà lọ fín in. Atrazine, wọ́n lè fín in lórí àgbàdo tó ti hù kí àgbàdo má kú. Bó pọ̀ díẹ̀ níhìn-ín, tó dín díẹ̀ lọ́hùn-ún, àgbàdo á ṣì gbà á mọ́ra. Èyí tó kù sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni glyphosate, àti àwọn tí wọ́n ń fín sórí ilẹ̀ kí koríko tó hù, bíi pendimethalin àti S-metolachlor. Glyphosate kì í jó ewé lójú ẹsẹ̀. Ó ń gba ara ewé wọ gbòǹgbò lọ ni, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí koríko tó pọ́n. Kí àgbẹ̀ tó mọ̀ pé òun fo ibì kan, òjò ti rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá sì ta sí ewé ẹ̀gẹ́ tàbí ti àgbàdo, ó lè pa á mọ́ koríko. Oògùn orí ilẹ̀ ní tiẹ̀, àfi kó tẹ́ rẹrẹ dọ́gba. Ibi tí kò bá dé, koríko á là á gbọọrọ bí ọ̀nà.

Ìbéèrè tó yẹ kó wà lẹ́nu àgbẹ̀ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù lónìí, nígbà náà, kì í ṣe èyí tó yára jù. Èwo ló lè fi oògùn síbi tí wọ́n rán an, tí kò ní kọjá ibẹ̀?

Bí wọ́n bá fi ìyẹn wọ̀n ọ́n, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kò le dá. Oko kòkó ló ti gba orúkọ rere. Igi kòkó ga, àrùn tó ń sọ èso rẹ̀ di dúdú àti kòkòrò tó ń mu oje rẹ̀ wà lókè, ó sì gba afẹ́fẹ́ tó lágbára kí oògùn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹlẹ́ńjìnnì máa ń fọ́n oògùn kúná bí ìkùukùu, ó sì ń fẹ́ ẹ lọ jìnnà. Agbára yẹn gan-an ni ewu rẹ̀ nínú oko àgbàdo. Ìkùukùu glyphosate tó bá kọjá ààlà bọ́ sórí ẹ̀gẹ́ ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ tó lè dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni. Ká má tiẹ̀ tíì sọ ti epo bẹntiróò pẹ̀lú ọ́ìlì tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọn, tàbí ti ìwúwo rẹ̀ nígbà tí oògùn bá kún inú rẹ̀. Olóko kòkó ni kó rà á.

Àríyànjiyàn gidi wà láàárín alọ́wọ́ àti oníbátìrì. Oníbátìrì ni ọ̀pọ̀ ń gba tiẹ̀ báyìí, kò sì yani lẹ́nu. Àgbẹ̀ kò ní máa fa apá ìfà lókè-sódò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àǹfààní tó ju ìyẹn lọ ni pé agbára tó fi ń ti omi jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà nínú bátìrì. Alọ́wọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ara ṣì le láàárọ̀, oògùn á máa tú yàà. Tó bá di ọ̀sán tí apá ti ń ro ni, ìwọ̀nba ló ń jáde, ẹni tó gbé e á sì máa rò pé òun ṣì ń fín bákan náà. Nínú oko tí wọ́n ti fín oògùn orí ilẹ̀, ojú lásán lèèyàn fi máa rí ibi tó ti rẹ̀ ẹ́.

Iná ńkọ́? Nígbà tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, fò sókè lóṣù Kẹrin, ọdún 2024, gbogbo ìgboro ló pariwo. Ọ̀pọ̀ abúlé àgbẹ̀ kò tiẹ̀ rí èyí tí wọ́n máa pariwo lé lórí. Bátìrì olójé fólítì 12 ló wà nínú ọ̀pọ̀ páǹpù tó wọ́pọ̀ lọ́jà, irú bátìrì yìí kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ láìní iná nínú. Àgbẹ̀ tó bá ṣe tán lóko lóṣù Kẹwàá, tó gbé e sórí àjà títí di oṣù Kẹta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkú bátìrì ló máa sọ̀ kalẹ̀. Sólà kékeré lórí òrùlé ahéré lè yanjú èyí, bí ohun tó ń darí iná bá wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi nínú oníbátìrì náà kò sì fẹ́ràn ìdọ̀tí: omi odò tí wọn kò sẹ́ lè dí i pa lọ́sàn-án kan. (Omi ẹlẹ́rẹ̀ kò dáa fún glyphosate pàápàá, nítorí erùpẹ̀ inú rẹ̀ máa ń gba agbára lọ́wọ́ oògùn náà.) Ní ti alọ́wọ́, wáṣà àti rọ́bà inú rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ, ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe lábúlé sì lè pààrọ̀ wọn bí àgbẹ̀ bá ti ra ìpààrọ̀ pa mọ́.

Ẹni tó ń dá éékà kan sí mẹ́ta, alọ́wọ́ tó dáa ló yẹ ẹ́, kó sì fi owó tó ṣẹ́kù ra ohun tó máa wọ̀. Oko tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí ẹni tó ń fi páǹpù gba iṣẹ́ kiri, kó ra oníbátìrì, kó sì ra bátìrì kejì tì í. Èyí tó ní bátìrì tó tún ní apá ìfà wà pẹ̀lú. Ó wúwo díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í dáni dúró sáàárín oko. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí lítà 20 tan àwọn jẹ. Omi lítà 16 ti jẹ́ kílò 16 kí wọ́n tó ka páǹpù fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, àwọn obìnrin tó ń gbé e pọ̀. Ní ti èyí tó pọ́ọ́kú jù, tí ike rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí oòrùn sì ń là á, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Bó ti wù kí páǹpù ọ̀hún wọ́n tó, ohun kékeré tó wà lórí ọ̀pá rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà: ẹnu ìfín, tí àwọn kan ń pè ní nọ́sù. Èyí tó sábà máa ń bá páǹpù wá láti ilé iṣẹ́ ni olóbìrípo tí wọ́n ń lọ́. Gbogbo bí wọ́n bá ti lọ́ ọ ni iye oògùn tó ń jáde ń yí padà, kò sì sí ẹni tó lè ṣírò rẹ̀. Olóbìrípo wúlò fún kòkòrò, pàápàá èyí tó ya wọ oko àgbàdo Nàìjíríà lọ́dún 2016, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fall armyworm, tó máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀mùnú àgbàdo. Fún oògùn apako, pẹrẹsẹ ni wọ́n ń fẹ́, èyí tó ń tẹ́ oògùn sílẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Àwọ̀ ara rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Lábẹ́ ìlànà tí gbogbo ayé ń lò, aláwọ̀ ìyeyè ń tú lítà 0.8 jáde ní ìṣẹ́jú kan, aláwọ̀ búlúù ń tú lítà 1.2, bí agbára tó ń tì í bá jẹ́ bar 3. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páǹpù. Bí àgbẹ̀ bá tún rí ìbòrí ike tí wọ́n ń fi bo ẹnu ìfín, kó rà á, kí glyphosate má baà ta sára ẹ̀gẹ́ nígbà tó bá ń fín àárín ebè.

Kí oògùn tó wọ inú páǹpù tuntun, omi lásán ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Kí àgbẹ̀ wọn ilẹ̀ tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 10. Kó fín in tán bó ṣe máa ń rìn lóko, kó wá wo iye omi tó lọ. Bó bá jẹ́ lítà 2, lítà 200 ni yóò tán lórí hẹ́kítà kan, nítorí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ 100 ló wà nínú hẹ́kítà. Éékà kan tó ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá hẹ́kítà, lítà 80 ni yóò gbà, ìyẹn páǹpù lítà 16 lọ́nà márùn-ún. Bí ìwé ara oògùn bá ní lítà 4 fún hẹ́kítà kan, lítà 1.6 ló kan éékà. Bí wọ́n bá pín in sí páǹpù márùn-ún, mílílítà 320 ló wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi agolo tòmátì bu oògùn láìṣe ìṣirò yìí, yálà ó ń da owó nù, tàbí ó ń fi oògùn tí kò ká koríko fín oko.

Omi kan náà ni wọ́n ó fi mọ̀ bóyá páǹpù ń jò. Nínú àwọn ìlànà tí àjọ FAO gbé jáde lọ́dún 2001 fún ẹ̀rọ ìfín oògùn oko, jíjò kò ní àyè rárá. Kí ẹni tó fẹ́ rà á rọ omi sí i lójú ẹni tó ń tà á, kó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kó tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Ẹ̀yìn tó bá tutù ní ṣọ́ọ̀bù, oògùn ni yóò fi tutù lóko, láti ọrùn dé bàtà, fún wákàtí márùn-ún. Ara ẹni náà ni yóò sì gbé e délé fún ẹni tó ń fọ aṣọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí kò gba àríyànjiyàn: páǹpù méjì sàn ju ọ̀kan lọ. Oògùn apako tó ṣẹ́ kù nínú rọ́bà àti asẹ́ lè jó ẹ̀wà tàbí tòmátì tí àgbẹ̀ fẹ́ fín kòkòrò ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí agbára kò bá ká méjì, kó ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì fín omi gba ẹnu ọ̀pá, kì í ṣe kó kàn da omi inú rẹ̀ nù.

Àwọn olóṣèlú kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Páǹpù wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ràn láti máa pín níbi ètò ìrónilágbára, nítorí ó pọ̀ lójú, ó sì ń dán nínú fọ́tò. Ohun tí kì í sábà bá a wá ni ẹnu ìfín pẹrẹsẹ, wáṣà ìpààrọ̀, ìbọ̀wọ́, bàtà òjò àti ẹni tó máa kọ́ni. Iṣẹ́ àwọn ADP, tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979 pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé, ni ìkọ́ni yẹn tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí owó náà ti dáwọ́ dúró ni àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ ti ń dínkù lóko. Ọ̀nà mìíràn tó ti ń hù ni ti àwọn tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìfín, tí wọ́n ń fín oko fún àgbẹ̀ lówó. CropLife ń kọ́ irú wọn ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ IITA n'Ìbàdàn sì lò wọ́n nínú iṣẹ́ koríko inú ẹ̀gẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014. Fún àgbẹ̀ éékà kan, owó irú wọn lè kéré sí owó páǹpù tí yóò lò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Dúróònù kò tíì kan olóko kékeré: ó gba ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè kí wọ́n tó ní in, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńlá nìkan ló lè ronú sí i.

Ìjọba ìbílẹ̀ tàbí aṣòfin tó bá tún ń múra láti ra 500 páǹpù lè ra 300, kó fi owó 200 tó kù ra ẹnu ìfín, wáṣà àti ìbọ̀wọ́, kó sì san owó ọkọ̀ fún olùkọ́ tó máa fi omi lásán dán an wò pẹ̀lú wọn lórí ilẹ̀ mítà 10 sí mítà 10.