Ìṣẹ́tí Fọ́tò Kì í Ṣe Fáàrí Lásán

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń fi ìṣẹ́tí funfun yí fọ́tò wọn ká kí wọ́n tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní fáàrí ni. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá.

Lára fọ́tò orí bébà, ìṣẹ́tí ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: ibẹ̀ ni ọwọ́ ń dì mú, kí ìka má baà ba ojú ẹni inú rẹ̀ jẹ́. Nínú fọ́tò Polaroid SX-70 ti ọdún 1972, ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ tí ó fẹ̀ ni wọ́n fi oògùn tí ń mú àwòrán jáde pamọ́ sí. Fóònù kò ní oògùn tí yóò fi pamọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Instagram bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, fọ́tò tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba nìkan ni ó ń gbà. Ẹni tí ó bá ya ẹbí tí ó tò lọ bẹẹrẹ níláti gé àwọn ẹni etí kúrò, tàbí kí ó fi ìṣẹ́tí kún òkè àti ìsàlẹ̀. Ta sì ni ó máa ń dúró létí bí kò ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ àti ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé? Ilé-iṣẹ́ náà dẹ òfin yìí ní ọdún 2015. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń gé àwòrán fúnra rẹ̀.

Fọ́tò tí ó bá bá àyè mu, kí olúwa rẹ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìṣẹ́tí fífẹ̀ a máa sọ ojú ènìyàn di bíńtín. Bí ojú ọ̀run funfun bá ń pòórá mọ́ ojú-ìwé funfun, ìlà dúdú tín-ín-rín kan ti tó. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀bẹ yóò bá ti kan ènìyàn, kí ó fi ìṣẹ́tí sí i, bí ó ti wù kí ó fẹ̀ tó. Àwọ̀ tí yóò jẹ́ kò tó ìjà.