Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Kíláàsì Èdè Kòríà

 

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, n ó sì sọ ọ́ lónìí láìfi epo bọyọ̀. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bá ti gúnlẹ̀ sí Gúúsù Kòríà, yálà fún ẹ̀kọ́, fún iṣẹ́ tàbí nítorí ìgbéyàwó, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí mi: "Ọ̀gá, yunifásítì wo ló dára jù láti kọ́ èdè Kòríà?" Èsì tí àwọn tó ti débẹ̀ ṣáájú ń fún wọn kì í yí padà: kí wọ́n wá èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Seoul, kí wọ́n san owó, kí wọ́n sì jókòó. Mo ní ìmọ̀ràn náà kò sunwọ̀n. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn ni irú ìyẹn. Ohun tó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, wákàtí mélòó ni mo sì ní lọ́wọ́ lọ́sẹ̀? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, ìtẹ́ ẹlòmíràn ni yóò máa há mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ń bú yunifásítì. Olùkọ́ yunifásítì ni èmi náà. Láti ọdún 1959 ni Yunifásítì Yonsei ti ń kọ́ àjèjì ní èdè Kòríà, àwọn ènìyàn sì mọ Yunifásítì Sogang mọ́ títẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣètò rẹ̀ ni pé sáà kan jẹ́ ọ̀sẹ̀ 10, wákàtí 4 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ wákàtí 200. Owó sáà kan ní àwọn yunifásítì ńláńlá wọ̀nyí lé ní 1,500,000 won, owó Kòríà. Ẹni tó bá fẹ́ gba oyè ní yunifásítì níbẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba Kòríà fún ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ máa ń fi ọdún kan kọ́ èdè, ó sì gbọ́dọ̀ dé ìpele 3 nínú ìdánwò TOPIK kí ó tó wọlé sí ẹ̀kọ́ oyè rẹ̀. Ẹni tó bá sì gba físà akẹ́kọ̀ọ́ èdè, kíláàsì ojoojúmọ́ yìí kan náà ni físà rẹ̀ so ó mọ́. Ìtẹ́ wọn nìyẹn, ó sì bá wọn mu.

Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ńkọ́? Ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ ní Ansan láti òwúrọ̀ ńkọ́? Ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò ní Itaewon ńkọ́? Obìnrin tó fẹ́ ọmọ Kòríà, tó ń tọ́jú ọmọ àti ìyá ọkọ ńkọ́? Ṣé wọn yóò da iṣẹ́ nù lójoojúmọ́ ni? Mo ti rí ẹni tó san owó sáà kan, tó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó sì ń sọ káàkiri lẹ́yìn náà pé èdè Kòríà le bí ojú ẹja. Èdè náà kọ́ ló le. Kíláàsì tí ènìyàn kò lè wà níbẹ̀ kò lè kọ́ ọ ní nǹkan kan, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ètò tí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ Kòríà dá sílẹ̀ ní ọdún 2009 fún àwọn àjèjì, èyí tí a mọ̀ sí KIIP. Nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n rò pé kò níyì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìpele 0 jẹ́ wákàtí 15. Ìpele 1 títí dé 4 jẹ́ wákàtí 100 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 415, kí a tó dé ìpele 5 tó dá lórí ìgbé ayé ìlú náà. Sáà méjì ní yunifásítì jẹ́ wákàtí 400. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kíláàsì alẹ́ àti ti òpin ọ̀sẹ̀ wà nínú ètò yìí, ẹni tó bá sì parí rẹ̀ ń jèrè rẹ̀ nígbà tó bá ń tọrọ físà ìgbé pípẹ́ tàbí ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú. Fún àwọn tó fẹ́ ọmọ Kòríà, òfin ọdún 2008 lórí àwọn ìdílé tó pa orílẹ̀-èdè pọ̀ fìdí àwọn ibùdó ìrànlọ́wọ́ múlẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ni ní èdè níbẹ̀. Ta ló wá ní kí òṣìṣẹ́ máa ṣẹ́ owó oṣù rẹ̀ kù nítorí orúkọ lásán?

Àwọn kan yóò ní, "Ìwé-ẹ̀rí ńkọ́, Ọ̀gá? TOPIK ni gbogbo ayé ń bèèrè." Òótọ́ ni pé TOPIK ti wà láti ọdún 1997, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ inú rẹ̀ wò. Ìdánwò ti ìpele 1 àti 2 kò ju gbígbọ́ àti kíkà lọ. Ti ìpele 3 sí 6 fi kíkọ sílẹ̀ kún un. Ẹnu kò sí níbẹ̀ rárá! Ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì dá dúró lọ́tọ̀. Nítorí náà, ènìyàn lè di ìwé-ẹ̀rí ìpele 4 mú kí ó má lè ṣàlàyé fún dókítà ibi tó ń dùn ún. Kíláàsì tó bá jẹ́ pé ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìwé ló ń fúnni, kò fúnni ní èdè.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa èdè náà gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọ̀wọ̀ ni òpó èdè Kòríà. Oúnjẹ ni *bap*, ṣùgbọ́n ti àgbà ni *jinji*. Ilé ni *jip*, ilé àgbà ni *daek*. Ọjọ́ orí ọmọdé ni *nai*, ti àgbà ni *yeonse*. Òpin ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń yí padà: *meogeo* fún ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò, *meogeoyo* fún ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún, *meokseumnida* fún àwùjọ tó níyì. Yorùbá tó mọ ìyàtọ̀ láàárín "o" àti "ẹ" ti ní ọpọlọ ọ̀rọ̀ yìí láti ilé. *Dongsaeng* wọn, àbúrò wa ni. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni wọ́n fi jù wá lọ, nítorí pé bí olùsọ̀rọ̀ bá jẹ́ obìnrin, *oppa* tàbí *eonni* ni yóò pè é. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, *hyeong* tàbí *nuna* ni.

Ewu tó wà níbẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ kíláàsì olókìkí máa ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́wọ̀ nìkan, nítorí pé àlejò kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sí àgbà ní gàùngàùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irin bá ń ṣubú ní ilé-iṣẹ́, ọ̀gá kì í sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lọ́nà." Ohun tí yóò ké ni "*Bikyeo!*" — yà! Òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé *bikyeo juseyo*, ti ọlọ́wọ̀, nìkan ló kọ́, yóò dúró ronú, irin kì í sì í dúró de aronú. Kíláàsì tó yẹ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí òun yóò sọ sókè àti ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ sí òun nísàlẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́. Ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni kíláàsì tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì àti lẹ́tà Látìnì kọ́. Ní ọdún 1443 ni Ọba Sejong ṣẹ̀dá Hangul, ó sì kéde rẹ̀ ní 1446 kí mẹ̀kúnnù lè kà, kí ó lè kọ. Lẹ́tà rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá tẹpá mọ́ ọn lè kà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí ló dé tí wọ́n tún ń fi *eo* dí wa lójú? Fáwẹ́lì tí wọ́n ń fi *eo* kọ yẹn, ㅓ, sún mọ́ *ọ* tiwa gan-an, ㅗ sì dà bí *o*. Ẹnu Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ "o" àti "ọ" láti kékeré; Gẹ̀ẹ́sì ló ń dí i lọ́wọ́. Ní ti kọ́ńsónáǹtì, 불 ni iná, 뿔 ni ìwo, 풀 ni koríko. Ẹni tó bá ń fi etí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ wọn yóò máa pe iná ní ìwo. Bí kíláàsì kan bá ṣì ń fi lẹ́tà Látìnì kọ́ yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ sá.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ti tó ní Seoul, pé fóònù sì ń túmọ̀ ohun gbogbo. Ẹ sọ ìyẹn fún ìyá tí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ń fi ìwé ìkéde ránṣẹ́ sí. Bí kò bá gbọ́ èdè, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni yóò di ògbufọ̀ fún un lọ́dọ̀ olùkọ́ àti lọ́dọ̀ dókítà. Ọjọ́ tí ọmọ bá ti di ẹnu ìyá rẹ̀, ta ni yóò bá ọmọ wí?

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń lọ, ẹ má ṣe sanwó kí ẹ tó lọ wo ibẹ̀. Ẹ tọrọ àyè láti jókòó ní kíláàsì náà fún ọjọ́ kan. Ẹ ka iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan la ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ bèèrè iye ènìyàn tó wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá èdè Kòríà ni olùkọ́ fi ń kọ́ni. Ẹ wo wákàtí rẹ̀ mọ́ wákàtí iṣẹ́ yín. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó bèèrè orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí ó bá jẹ́ yunifásítì ńlá ló bá yín mu, ẹ lọ pẹ̀lú ayọ̀. Bí ó bá jẹ́ yàrá kékeré kan ní ibùdó àdúgbò lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ni, ẹ má tijú. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, obì náà kì í sì í bèèrè ibi tí a ti kọ́ ọ̀rọ̀.

Ire o.